Ọjọ́ Mẹ́fà Tí A Pa Ìwé Dé ní Ìkòtún

Ọdún kejì tí epo bẹntiróòlù fò sókè tí ó kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí eruku ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgandó máa ń bo kọ̀ǹpútà mi kí n tó nù ún tán. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ ti gbọ́ pé àwa oní-kaféè Alímọ̀ṣọ́ na ìjọba ní ìnà tí kò lè gbàgbé. Irọ́ ni. Ẹ tún ti gbọ́ pé ìjọba ti ra àwa olórí ẹgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Irọ́ nìyẹn náà, ó sì ń bí mi nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà. Ẹnu tèmi ni ìbúra ti kọ́kọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí àwọn òpùrọ́ má bàa bá wa kọ ìtàn wa.

Ẹ̀yin tí fóònù yín gbọ́n jù yín lọ, ẹ lè má mọ ohun tí à ń pè ní kaféè. Yàrá kan ni, kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìnkùlé tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹni tó fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ẹni tó ń wá ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ẹni tó fẹ́ gba ìwé onílé, gbogbo wọn ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Tísà tó ti Èkìtì wá, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún na ọmọ ọlọ́mọ nítorí gírámà, bó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Télọ̀ tó lè fi ojú lásán wọn àyà ènìyàn á ní, "Ìyá Kaféè, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jàre, kí n má lọ ba tìjọba jẹ́." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, Ìyá Kaféè. Ọmọ Oǹdó ni mí, ṣùgbọ́n Ìkòtún ni orí mi gbé mi dúró sí.

Iṣẹ́ wa ní àṣà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Ìkànnì ìjọba máa ń béèrè ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Àwọn oníbàárà wa kò ní ímeèlì. Fóònù tiwọn náà, lónìí ó wà lápò, lọ́la wọ́n ti yọ ọ́ lọ lọ́jà Ìkòtún. Nítorí náà, àwa la máa ń ṣí ímeèlì fún wọn, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wa la sì máa ń tẹ̀ sí i. A óò wá kọ orúkọ wọn, ímeèlì wọn àti pásíwọ́ọ̀dù wọn sínú ìwé ńlá kan, ẹnì kan sí ojú ewé kan. Nígbàkigbà tí wọ́n bá tún fẹ́ wọlé, ìkànnì á fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù láti fi dá ẹni náà mọ̀. Kóòdù là ń pè é. Fóònù tèmi ló sì ń dún, kì í ṣe tiwọn. Kò sẹ́ni tó rí aburú kankan níbẹ̀. Àwọn oníbàárà gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Bí o bá bi wọ́n léèrè pásíwọ́ọ̀dù wọn, ìdáhùn wọn kan náà ni: "Ó wà lọ́wọ́ Ìyá Kaféè."

Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ ṣí ìkànnì tuntun náà, tí wọ́n ní gbogbo ìwé ìjọba ní agbègbè wa, títí kan gbígba àyè sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ibẹ̀ ni a ó ti máa ṣe é, wọ́n pè wá sí ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀gá tó wá bá wa sọ̀rọ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀gá Fìlà ni àwa ń pè é láàárín ara wa, nítorí kì í ṣí fìlà lórí bí ooru ṣe wù kó mú tó. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹsẹ̀ tí ìjọba máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù." Àwa pàtẹ́wọ́. Ẹ wo àwọn ọ̀dẹ̀! A pàtẹ́wọ́ débi pé ọwọ́ ń ta wá. A lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Abúlé Ẹ̀gbá, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àkọ̀wọ́njọ, a ń fi ẹnu ara wa ṣàlàyé ìkànnì ìjọba fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi bá wọn ṣe é.

Ohun tí wọ́n fi san án fún wa ni pé wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn kan sí Ìgandó. Gbọ̀ngàn tó tutù o! Iná oòrùn lórí òrùlé, ẹ̀rọ amúlétutù, kọ̀ǹpútà tó pọ̀ bí ọmọ ilé kéwú. Gbogbo ohun tí à ń ṣe ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ń tẹ̀wé, wọ́n ń ya fọ́tò pélébé, kódà wọ́n ń fi ike bo ìwé. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Kò burú. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pé kí kálukú ta ọjà rẹ̀, èmi mọ bí a ṣe ń tajà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀fẹ́ náà kò kó gbogbo oníbàárà wa lọ, nítorí ọ̀nà Ìgandó jìn sí ẹni tó ń gbé Dọ́pẹ̀mú, wọ́n ṣe ohun kan tí mo fi mọ̀ pé ènìyàn burúkú wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti ìkànnì mọ́ wa. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, inú gbọ̀ngàn wọn nìkan ló ti ń ṣí. Àwa tó kù, ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iná ti lọ, tí nẹ́tíwọ̀kì ń falẹ̀ bí ìgbín.

A lọ bá Ọ̀gá Fìlà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Alága wa ni Alhaji Mùfútáù, ọmọ Ìbàdàn, ẹni tí ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi kò mọ̀ ọ́n fara balẹ̀ sọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ni ìkànnì?"

Ó ní, "Ìjọba ni."

"Ta ló ni gbọ̀ngàn?"

"Ìjọba náà ni."

"Ta ló ń pinnu aago tí ìkànnì máa ṣí fún àwa tí a kì í ṣe gbọ̀ngàn?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màdáàmù, ẹ̀ ń béèrè ohun tí ẹ ti mọ̀."

Alhaji fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú sí akọ̀wé wa. Àwa kò ní kí ìjọba má ṣiṣẹ́. Kí ìjọba la ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kó má wá máa wa kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà náà, kó sì dènà mọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó kù títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ìjọba bá fẹ́ ní gbọ̀ngàn, kó fi gbọ̀ngàn náà ṣe ìrànlọ́wọ́ fún arúgbó, fún afọ́jú, fún ẹni tí kò ní lọ́wọ́. Ìwé títẹ̀ àti fọ́tò, kó fi sílẹ̀ fún wa. Kí ìkànnì sì ṣí fún gbogbo wa ní aago kan náà."

"Alhaji, ọ̀fẹ́ là ń ṣe é fún mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ wọn. Nínú àwa méjèèjì, ta wá ni ọ̀tá mẹ̀kúnnù?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Mo ní, "Owó orí tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi lẹ fi ra ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ fi ń lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá ń bi mí léèrè ọ̀tá?" Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ní ìpàdé. Bí a ṣe jáde nìyẹn, bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì.

Ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Dọ́pẹ̀mú ni a ti ṣe é, láàárín ariwo àwọn jórinjórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn kan ní ká lọ sílé ẹjọ́. Àwọn kan ní ká gbé páálí lọ sójú títì. Èmi ni mo dìde, tí mo gbé ìwé ńlá mi sókè. Mo ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, a mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, a ń wá ọ̀bẹ. Gbogbo ẹni tó ń lọ sí gbọ̀ngàn wọn, àwa la forúkọ wọn sílẹ̀. Fóònù wa ni kóòdù wọn ń bọ̀ sí. Gbọ̀ngàn wọn kò lè ṣí ìkànnì fún ẹnì kankan láìjẹ́ pé a sọ kóòdù náà jáde. Ẹ jẹ́ ká pa ìwé dé. Ẹ jẹ́ ká pa fóònù. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé mi sókè. Ẹni tó ní Bíbélì mú Bíbélì wá, ẹni tó ní Kùránì mú un wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ búra pé n kò ní tan fóònù ṣọ́ọ̀bù mi, n kò sì ní ṣí ìwé, fún ọ̀rẹ́ tàbí fún ẹbí, àyàfi ìgbà tí ìjọba bá fọwọ́ síwèé. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Alhaji Mùfútáù nìkan ni kò pariwo. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Akọ̀wé, àwọn tó ni ojú ewé ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n?"

Mo dá a lóhùn pé, "Alhaji, ọjọ́ méjì péré ni. Ó máa yé wọn."

Ọjọ́ Ajé la bẹ̀rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn ju oyin lọ. A to ara wa láti Ìkòtún dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wọn ní Ìgandó, páálí lọ́wọ́, a ń kọrin. Nínú gbọ̀ngàn, èrò kún, iṣẹ́ kò sì lọ. A ń gbọ́ akọ̀wé wọn láti ojú fèrèsé.

"Kóòdù tó wọ fóònù yín dà, Bàbá?"

"Ó wà lọ́wọ́ Ìyá Kaféè."

"Ìyá, tiyín dà?"

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Kaféè náà ni tèmi wà o."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Inú mi dùn láti gbọ́ orúkọ mi nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ láti fi pa mí. N kò wo ojú Bàbá yẹn. N kò bi ara mi léèrè bóyá ó fi ẹsẹ̀ rìn wá.

Ọjọ́ méjì di mẹ́ta. Mẹ́ta di mẹ́rin. Ìjọba kò yọjú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́bọ̀, Bàbá Sàdíátù wọlé tọ̀ mí wá nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo tì ní ìdajì. Télọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi gan-an. Òun ló rán gbogbo aṣọ tí mo ní tó dára. Sàdíátù ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìjọba, ó ti yege, wọ́n ti fún un ní àyè. Èmi fúnra mi ni mo tẹ ìwé náà jáde fún un; èmi àti òun jọ jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun kan ló kù: kó wọ orí ìkànnì, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Ìwé náà ní bí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, àyè náà á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá Sàdíátù ní, "Ìyá Kaféè, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń jà. Mo wà lẹ́yìn yín, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí ńkọ́? Ìṣẹ́jú kan ni."

Mo ní, "Bàbá Sàdíátù, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ́fíìsì Ọ̀gá Fìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá lónìí pé ká wá lọ́la. Kó tó di aago méjì, wọ́n á ti fọwọ́ síwèé, fóònù á ti tàn. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ ṣe ti Sàdíátù kí n tó ṣe ti ẹnikẹ́ni."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ kàn tan fóònù náà, ẹ ka kóòdù náà fún mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Sàdíátù, mo ti búra."

"Èmi kò búra, mà."

Mo bínú sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, mo bínú sí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní nítorí tirẹ̀ ni a ṣe ń jà, nítorí àwọn ọmọ bíi tirẹ̀, kí ìjọba má bàa di ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn máa gbà wọlé. Mo sọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mọ́kànlá, Alhaji àti èmi dé ọ́fíìsì Ọ̀gá Fìlà. Wọ́n ní ká jókòó sínú yàrá kan. Wọ́n ní ọ̀gá ń bọ̀. Aago kan kọjá. Ọ̀gá lọ kírun. Aago méjì kọjá. Ọ̀gá ti kírun tán, ó lọ jẹun. Akọ̀wé rẹ̀ ń gbé omi inú ọ̀rá wá fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́ta. Fóònù ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú báàgì mi, báàgì náà sì wà lórí itan mi. Mo mọ̀ pé Sàdíátù wà nínú gbọ̀ngàn wọn ní àkókò yẹn, nítorí ó ti ránṣẹ́ sórí fóònù mi kejì pé òun ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, pé kóòdù nìkan ló kù.

Mo wo Alhaji. Alhaji wo mí. Ó ní, "Akọ̀wé, bí o bá tàn án, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ọkùnrin náà fún mi láyè. Ẹnu báàgì náà wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ń ronú pé bí mo bá tàn án, bí Ọ̀gá Fìlà bá gbọ́ pé kóòdù kan ti jáde láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ gan-an, ó parí fún wa nìyẹn. Mo sì ń ronú nípa ìbúra. Bí mo bá tún fẹ́ sọ òótọ́ tó kù, mo ń ronú nípa bí wọ́n ṣe gbé mi sókè ní Dọ́pẹ̀mú. Mo ní, "Ó kù wákàtí kan. Ó máa dé."

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ọ̀gá Fìlà wọlé, fìlà lórí, ó ń fi igi ta eyín. Ó ní ó ti pẹ́ jù láti fọwọ́ sí nǹkan kan lónìí, ká padà wá lọ́la. Títí mo fi máa kú, kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ọkùnrin yẹn kò mọ aago tó ń dúró dè. Ó mọ̀. Ó mọ̀ pé bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, àwọn ènìyàn á kórìíra wa ju òun lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló fọwọ́ síwèé. Gbogbo ohun tí a béèrè ló wà níbẹ̀: ìkànnì á máa ṣí fún gbogbo wa ní aago mẹ́jọ, gbọ̀ngàn kò ní tẹ̀wé, kò ní ya fọ́tò mọ́, arúgbó àti aláìní nìkan ló máa ṣiṣẹ́ fún. Àwọn èrò wa níta hó yèè. Èmi kò dúró gbọ́. Ẹnu géètì ni mo ti tan fóònù. Ó dún, ó dún, ó dún, gbogbo kóòdù ọjọ́ mẹ́fà ń rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá ti Sàdíátù. Mẹ́sàn-án ni. Èyí tó kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó di aago mẹ́rin ló béèrè rẹ̀.

Mo padà wọlé tọ Ọ̀gá Fìlà lọ, èmi tí n kì í bẹ ènìyàn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣí i fún ọmọ kan ṣoṣo. Ìka kan lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́."

Ó ní, "Ìkànnì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, Màdáàmù. Èmi kọ́ ni mo sì pa fóònù."

Mo ti kórìíra ènìyàn rí láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì kórìíra ẹnikẹ́ni tó báyẹn. Ohun tó jẹ́ kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Apá kìíní jẹ́ irọ́. A gbọ́ nígbà tó yá pé wọ́n tún ṣí i ní ọjọ́ Ajé fún ọmọ ẹnì kan tó lẹ́nu nínú ìjọba. N kò fojú mi rí i, n kò ní búra. Mo ti jáwọ́ nínú ìbúra.

Kí wá ni a jẹ níbẹ̀? Ẹ̀ ń bi mí ní gbogbo ìpàdé, mo sì máa ń yẹ ìdáhùn sílẹ̀. Ìkànnì ṣí fún gbogbo wa ní aago mẹ́jọ, ó sì ń ṣí bẹ́ẹ̀ di òní. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù yín ṣe fọ́ọ̀mù lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ kùtù, wàhálà wa lẹ̀ ń jẹ. Ṣùgbọ́n ti gbọ̀ngàn, wọ́n tì í fún oṣù mélòó kan, wọ́n kun ún lọ́dà tuntun, wọ́n fún un lórúkọ mìíràn, wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan tí kò sẹ́ni tó mọ olówó rẹ̀ ló ń bá ìjọba bójú tó o, wọ́n sì tún ń tẹ̀wé, wọ́n tún ń ya fọ́tò. Nígbà tí a gbé ìwé àdéhùn lọ, wọ́n ní gbọ̀ngàn tí a kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kò sí mọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn kaféè tó wà ní ọ̀nà Ìgandó ti kógbá sílé, ọ̀kan ti di ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì. Alhaji Mùfútáù ti padà sí Ìbàdàn. Ìjà yẹn ṣì kù, ẹ̀yin ló sì kù fún. Ẹ má jẹ́ kí ìjọba tó ń fun fèrè tún máa gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé, bó ti wù kó pe tirẹ̀ ní ọ̀fẹ́ tó. Ọ̀fẹ́ ti gbọ̀ngàn yẹn gan-an, kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀dà tuntun tó fi di ohun tí wọ́n ń gbowó lé lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jà á bí mo ṣe jà á. Ohun tí mo ń bá ìjọba jà lé lórí ni pé ó di ẹnu ọ̀nà mú. Ohun tí mo fi bá a jà ni pé èmi náà di ẹnu ọ̀nà mú. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Sàdíátù wọ ṣọ́ọ̀bù mi. N kò tíì rí i nítòsí láti ọjọ́ yẹn. Bí ó bá wà nídìí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí ọ̀dọ̀ mi. Ó kí mi, "Ẹ káàsán, mà," pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó kí àlejò. Mo ti ń fa àga fún un.

Ó ní, "N kò jókòó, mà. Ojú ewé mi ni mo wá gbà."

"Ojú ewé wo, Sàdíátù?"

"Èyí tó wà nínú ìwé yín. Mo ti ra káàdì fóònù tèmi, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe."

Mo ní kí n dà á kọ fún un. Ó ní rárá, òun fẹ́ kí n ya á kúrò. Mo ṣí ìwé náà, mo fi rúlà tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rọra ya á kí ó má bàa fa ti ẹlòmíràn ya. Ó ká a, ó fi sábẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sọdá títì. Ó yege. Ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mìíràn báyìí, ó jìnnà sílé. Kì í ṣe èmi ló sọ fún. Ará àdúgbò ló sọ fún mi.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń pe àwọn tó wà nínú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá gba ojú ewé wọn. Àwọn kan ti kó kúrò ní Alímọ̀ṣọ́. Àwọn kan ti kú. Àwọn kan dé, wọ́n ní, "Ìyá Kaféè, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín jàre, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Mo ń kì í bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi nọ́ńbà tiwọn rọ́pò tèmi. Ìwé náà ti fẹ́lẹ́ gan-an.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sàdíátù ṣì dojú kọ tèmi. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, mo máa ń kí i láti òdìkejì títì: "Bàbá Sàdíátù, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nìkan ló ń dá mi lóhùn.